Omijé Inú Orin Ìkẹyìn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ̀yin òbí wọn, àti ẹ̀yin alàgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ dákun, ẹ má tíì tan fíìmù náà. Mo mọ̀ pé torí rẹ̀ lẹ ṣe wá. Ọdọọdún la máa ń wò ó fún àwọn tó fẹ́ di tọkọtaya, ọdọọdún náà ni ẹ sì máa ń ní kí èmi tí mo gba ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀ dìde, kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Lónìí, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Èmi ni mo ń sáré náà. Òtítọ́ kò tilẹ̀ lé mi bá o. Èmi ni ó rẹ̀, tí mo jókòó dè é.

Gbogbo yín lẹ mọ orin ìkẹyìn, níbi tí ìyàwó ti ń kọrin sí ọkọ rẹ̀ tó ṣìnà tó sì padà wálé. Ó kọ ọ́ dé ìdajì, omijé bọ́, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, kò sì nu ojú. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí omijé yẹn. Mo ti rí tọkọtaya tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n wò ó tán tí wọ́n sì di ọwọ́ ara wọn mú lọ sílé. Ẹ máa ń sọ pé Ẹ̀mí ló bà lé obìnrin náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni. Èmi ni mo gún un lọ́bẹ, tí gbogbo yín ń yin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé ó pọ́n dáadáa.

Ìyàwó mi lẹ mọ̀ ọ́n sí báyìí. Òun nìyẹn lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà náà, aránṣọ ni. Aṣọ àwọn òṣèré ló ń rán kí Màmá Olùdarí, ẹni tó kọ fíìmù náà tó sì darí rẹ̀, tó gbọ́ ọ níbi tó ti ń kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ìwọ, fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀," ni Màmá wí, "wá máa kọrin fún mi níwájú kámẹ́rà." Màmá sì sọ ìyàwó inú ìtàn náà di aránṣọ, torí tirẹ̀. Obìnrin tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń bẹ̀ pé kó rọra, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bu omi tútù sínú àmù! Ọkùnrin tó ṣe ọkọ rẹ̀ nínú fíìmù, Olóhùn Oyin la ń pè é, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ni lóòótọ́. Bí iṣẹ́ bá ti parí, wọn yóò lọ síwájú pẹpẹ Ọlọ́run, wọn yóò di ọkàn kan. Èmi ńkọ́? Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè mí, torí pé ẹ̀rọ tí mo fi ń bo etí gbọ́ ohùn kì í kúrò lórí mi. Mo ń gbọ́ bí aránṣọ náà ṣe ń mí kí ó tó kọrin. Ẹ wo ọkùnrin tó ń gbọ́ èémí obìnrin tí kì í ṣe tirẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́! Etí ni ìfẹ́ gbà wọlé sí mi lára. N kò gbàdúrà kó kúrò. Mo gbàdúrà kó jẹ́ tèmi. Ẹ ò rí olóríburúkú àdúrà!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Màmá mú ọ̀rọ̀ tuntun dé, ibi tí ọkọ ti ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin tó ń dẹ ẹ́ wò níbi iṣẹ́. Ó ní kí Olóhùn Oyin dán an wò nínú yàrá kékeré tí mo ti ń gba ohùn sílẹ̀, tí a fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀ kí ariwo má baà wọlé. Àwa mẹ́ta péré ni. Màmá ní, "Má ṣe é bí òṣèré o. Sọ ọ́ bí ìgbà tó ò ń bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ nínú yàrá." Olóhùn Oyin sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: "Èmi? Kí n fẹ́ràn rẹ̀? Aránṣọ lásánlàsàn. Torí pé ìjọ ń wò wá ni mo ṣe ń tẹ̀ lé e kiri. Jẹ́ kí n rí èyí tó sàn, n óò bọ́ ọ sílẹ̀ bí aṣọ tó gbó." Ara Màmá bù máṣọ. "Ó tó, ó tó! Ọmọ mi, ó burú jù. Bí ọkọ bá sọ èyí, ìyàwó wo ló máa dárí jì í? Fíìmù mi á bàjẹ́." Ó ya ìwé ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Elétí Ehoro, pa á rẹ́." Mo ní, "Ó ti lọ, Mà." Kò lọ. Mo dà á kọ sórí téèpù mìíràn, mo yọ ohùn Màmá kúrò níwájú àti lẹ́yìn, ohùn ọkùnrin nìkan ló kù.

Ọjọ́ tí a fẹ́ ya orin ìkẹyìn, aránṣọ wọ yàrá mi láti wá fi òwú di máìkì mọ́ abẹ́ ọrùn aṣọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń rán an mọ́ ọn kó má baà máa pariwo lára aṣọ. Eré ló ń bá mi ṣe. "Elétí Ehoro, ìwọ tó ò ń gbọ́ àṣírí gbogbo wa, ṣé o ti gbọ́ ibi tí ọkọ mi ti ń bú mi rí? Wí, kí n tètè wá ẹlòmíì!" Ó ń rẹ́rìn-ín, òwú wà lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá bá a rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ bùṣe. N kò rẹ́rìn-ín. Mo wolẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé? Sọ̀rọ̀ o." Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bi mí." Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ ẹ̀rọ lórí mi, mo fi bo etí rẹ̀, mo tẹ téèpù. N kò sọ irọ́ kankan! Ohun tí mo ń sọ fún Ọlọ́run láti ìgbà náà nìyẹn, bíi pé Ọlọ́run kò lójú láti rí ọwọ́. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ta ló ń sọ ọ́ fún?" Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni mo jẹ́ kó o gbọ́, wọ́n á lé mi níṣẹ́." Ó búra pé òun kò ní wí. Wọ́n ń pariwo níta: "Ìyàwó o! Ọkọ ń dúró!" Ó jáde, ó lọ kọrin. Omijé yín nìyẹn. Màmá sáré lọ gbá a mọ́ra. Èmi nìkan ni mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù kì-kì-kì nínú máìkì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán mọ́ra.

Ẹ má tíì bú mi, ẹ tọ́jú èébú dè mí. Èyí tó burú jù ṣì kù. Ó kọ ọkùnrin náà sílẹ̀ láìsọ ìdí. Olóhùn Oyin wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún èmi àbúrò rẹ̀. "Àbúrò mi, ó ń gbọ́ tìrẹ. Bá mi bi í léèrè ohun tí mo ṣe. Bí mo bá ṣẹ̀, n óò bẹ̀ ẹ́. Kó sáà sọ ọ́." Mo ní màá lọ. Mo rìn dé ìkóríta, mo fara ti ògiri ilé ìtajà kan, mo ń wo àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo padà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ní tí ẹ bá tún dé ẹnu ọ̀nà òun, òun á ké olè lé yín lórí." Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ní, "O ṣeun tó o lọ. Ọlọ́run á fún ẹ ní aya rere." Ẹ gbọ́ o! Ó ṣe àdúrà fún mi, àdúrà náà sì gbà. Láti ọjọ́ náà, Olóhùn Oyin kò kọrin mọ́.

Èmi fẹ́ aránṣọ. Ní àràárọ̀, bí a bá kúnlẹ̀, aya mi á ní, "Olúwa, mo dúpẹ́ tí O ṣí mi létí lọ́jọ́ náà, tí O kò jẹ́ kí n fẹ́ ẹlẹ́tàn." Èmi á ní, "Àmín." Àwọn ọmọ wa ti mọ àmín yẹn kí wọ́n tó mọ bàtà wọ̀. Láìpẹ́ yìí, àkọ́bí wa obìnrin mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí: "Olúwa, bí O ti fún mi ní ọkọ tí kò mọ ẹ̀tàn, fún ọmọ mi ní irú rẹ̀." Gbogbo ilé ṣe àmín. Àfi èmi. "Bàbá, ẹ ò ṣe àmín," ni aya mi wí. Mo ní, "Mi ò lè ṣe é. Kí Ọlọ́run má fún un ní irú mi." Mo lọ gbé téèpù àkọ́kọ́ jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, èyí tí ohùn Màmá ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ "Ó tó, ó tó! Ọmọ mi, ó burú jù," ó ní kí n dá a padà síbẹ̀. Ó tún ní kí n dá a padà. "Màmá wà níbẹ̀?" "Ó wà níbẹ̀." Kò nà mí, kò ṣépè. Ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì rán nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ lọ sọ fún un."

Mo lọ. Gíláàsì fèrèsé ni Olóhùn Oyin ń gé tà báyìí. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, kò gbé ojú kúrò lórí gíláàsì tó ń gé, àfi ìgbà tí mo dákẹ́. "Ṣé ó ti mọ̀?" "Ó ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n." "Ó dára. Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o, má lọ sọ pé mo ní bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mi ò sọ ọ́." Ó mú gíláàsì mìíràn.

Nígbà tí mo padà délé, aya mi ní, "Yàrá kékeré lẹ ti ba orúkọ ọkùnrin náà jẹ́. Ẹ lọ tún un ṣe níbi tí àjà ti ga, níwájú gbogbo ìjọ. Tí ẹ bá sọ ọ́ tán, èmi ni n óò gbàdúrà. Mi ò tíì mọ ohun tí n óò sọ." Ìdí tí mo fi dúró níhìn-ín nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ yín wá bá yín ní kọ̀rọ̀, ẹ bi í pé kí ni wọ́n sọ ṣáájú rẹ̀, kí ni wọ́n sọ tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó sunkún, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹni tó ni ohùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá gba ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fẹ́ ohun tí kì í ṣe tiyín, Ọlọ́run lè fi yín sílẹ̀ kí ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ̀rù ìyẹn.

Mo rí aya mi tó ti dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn. N kò mọ̀ bóyá ìta ló ń lọ tàbí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló ń bọ̀. Bí ó bá bọ̀, tí ó sì gbàdúrà, ohunkóhun tí ó bá bèèrè lé mi lórí, ì báà jẹ́ ìdáríjì, ì báà jẹ́ ìdájọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má bá mi ṣe àmín. Mo ti fi àmín purọ́ tó. Ẹ jẹ́ kí èmi nìkan ṣe èyí.