Ìdájọ́ Tí Alfa Múftáù Ṣe Lórí Eré Ìbọn Inú Fóònù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fún wa ní ojú, tí yóò sì bi wá léèrè ohun tí a fi wò. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ọwọ́ bo fóònù yín lọ́hùn-ún yẹn, ọ̀rọ̀ àmánà ni mo bá wá lónìí. Àmánà ni ọmọ, ohun tí Ọlọ́hun fi sí ìkáwọ́ wa. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ohun tí kò wò fún ọmọ, ó ti ba àmánà jẹ́.

Alfa kan wà ní Ìwó, Múftáù lórúkọ rẹ̀, òun ni ọ̀gá ilé-kéwú àdúgbò rẹ̀. Bó bá ti pe nǹkan ní hàláàlì, àríyànjiyàn parí. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, àwọn ìyá ọmọ kéwú wá bá a, Alájà Kúdíràtù ló ṣáájú wọn. Wọ́n ní eré kan ti gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Inú fóònù ló wà. Èèyàn á ti ibi gbogbo láyé wá pàdé nínú rẹ̀, wọ́n á gbé ìbọn, wọ́n á máa pa ara wọn, wọ́n á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni jókòó sí yàrá kan náà. Ṣé ó yẹ ọmọdé?

Ǹjẹ́ Alfa ní kí wọ́n gbé e wá kí òun wò ó? Rárá. Ẹ mọ ìdí? Eré yẹn wà nílé tirẹ̀ náà. Òun ló fún Náfísátù, ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní fóònù, kí ọmọ náà lè dákẹ́ nígbà tí òun bá ń kàwé. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní, “Eré ni. Kò sí ọtí níbẹ̀, kò sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré.”

Àwọn ìyá dúpẹ́, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní òwúrọ̀ Sátidé, Alfa ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ nígbà tó gbọ́ tí Náfísátù ń sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ yìnbọn lù ú lórí, ó ṣì ń mí.” Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin kan dáhùn láti inú fóònù, ó pe ọmọ náà ní ìyàwó òun, ó bi í bóyá bàbá rẹ̀ wà nítòsí.

Náfísátù ní, “Wọ́n wà nílé. Wọn kì í gbọ́ ohun tí mò ń ṣe.”

Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ sọ?

Alfa já fóònù gbà, ọkùnrin náà sì sá jáde kúrò nínú eré náà. Alfa ò na ọmọ. Ó jókòó tì í, ó ní kó fi gbogbo rẹ̀ han òun. Ó rí ẹ̀jẹ̀, ó gbọ́ èébú tí kò ṣeé tún sọ nínú mọ́sálásí. Ó rí i pé àwọn tó ṣe eré náà jáde gan-an ti kọ ọ́ sí i pé kì í ṣe fún ọmọdé. Ó tún rí i pé ọmọ òun ti fi àwòrán iwájú ilé wọn ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn.

Sùwẹ́bátù ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí ọtí níbẹ̀.”

Alfa gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Títí di òní, wọn ò mọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, Alfa fúnra rẹ̀ ló ń mú Náfísátù lọ sílé-ìwé, tó ń mú un bọ̀.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dìde níwájú jámáà, ó jẹ́wọ́ pé òun ò wo ohun tí òun dájọ́ lé lórí, ó ní kí gbogbo òbí gba eré náà kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Alájà Kúdíràtù dìde.

“Alfa, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fóònù yẹn mọ́. Bí mo bá bá a wí, orúkọ yín ló fi ń dá mi lóhùn.”



Ọlọ́hun ti kìlọ̀ fún wa nínú Kùránì pé kí a má tẹ̀ lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ wo ohun tó ń wò, ẹ gbọ́ ohun tó ń gbọ́. Ọlọ́hun, má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ wa ló máa ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ pa ọmọ wa lára. Fi ọ̀nà mọ̀ wá kí ó tó pẹ́ jù. Àmín.