Ẹ̀rọ Ni Kò Dára, Kì Í Ṣe Ohùn Filomẹ́nà

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò ti lè jókòó lójú kan. Màá dìde, màá tún jókòó, irin tí mo fi ń lẹ òjé á tutù sí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí Sátidé tó ń bọ̀ yìí tó dé, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ó lè má ní àtúnṣe mọ́.

Mo ń tún rédíò àti ẹ̀rọ sóólà ṣe ní Ìdáàṣà. Nílé ìjọsìn abúlé wa, lápá Soclogbo, bátìrì sóólà méjì ló ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Fóltì mẹ́rìnlélógún ni bátìrì ń mú wá, méjìlá péré ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́. Àpótí kékeré kan ló wà láàárín wọn tó ń dín iná kù. Àpótí yẹn ló bàjẹ́, èmi ni wọ́n sì gbé e fún.

Mo tú u. Kọ́ńdánsatọ̀, ìyẹn agolo kékeré tó ń mú kí iná dúró ṣinṣin, ti wú. Mi ò ní irú rẹ̀. Mo yọ ọ̀kan lára òkú rédíò kan, mo fi rọ́pò rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n: méjìlá gérégé. Mo wá so gílóòbù mọ́tò kan mọ́ ọn kí ó lè rí iṣẹ́ ṣe. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú míta: méjìlá, mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, mẹ́jọ.

Mo mọ ohun tí mo rí. Iná tó dúró nígbà tí kò ṣiṣẹ́, tó wá ń gbọ̀n nígbà tí iṣẹ́ dé, kò dára. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ẹ̀rọ mìíràn ti sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró de ojúlówó láti Kútọnu, mo sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́. Mo yọ gílóòbù náà. Mo pe kátíkísì wa, bàbá tó ń darí àdúrà nígbà tí àlùfáà kò bá sí. Mo ní, "Ẹ wò ó, Bàbá, méjìlá!" Ó ní, "Patíròn," bí a ti ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ níhìn-ín, "ọwọ́ ẹ ò ní rọ o." Inú mi dùn. Ẹ dákun, ohun tó ń tì mí lójú jù nìyẹn, pé inú mi dùn.

Filomẹ́nà ni olórí akọrin wa nígbà náà. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohùn rẹ̀ tóbi, Ọlọ́run ló fún un. Lọ́jọ́ Àìkú, bó ṣe gbé orin sókè, ẹ̀rọ fẹ́ iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná já, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Ó sinmi, ẹ̀rọ tún sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀. Kátíkísì kàwé, ẹ̀rọ kò kú. Àwọn yòókù kọrin, kò kú. Ìyá àgbà kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá Màríà ò gba orin ẹ̀. Kó lọ bi ara ẹ̀ léèrè."

Ó yẹ kí n dìde níbẹ̀. Mi ò dìde.

Nàìjíríà ni ọkọ Filomẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti ní ó ní ọkùnrin mìíràn, pé ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ tó ń pa ohùn rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà ọkọ kò pe Filomẹ́nà mọ́, bí obìnrin náà bá pè é, kì í gbé e. Filomẹ́nà fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Wọ́n máa ń ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo da èyí o, ojú obìnrin aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ló fò sí.

Mo rò pé bí mo bá tún un ṣe, ọ̀rọ̀ á tán. Mo ránṣẹ́ sí Kútọnu, mo fi ojúlówó sí i lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan tí kò séèyàn níbẹ̀. Mo so gílóòbù mẹ́ta mọ́ ọn, míta kò mì. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? "Ẹ ò rí i? Àtìgbà tó ti kúrò, ara ẹ̀rọ ti yá." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtúnṣe mi wá di ẹ̀rí sí i lọ́rùn. Ó ti ṣe mí bíi kí n dá èyí tó bàjẹ́ padà, kó lè kú mọ́ ẹlòmíì lẹ́nu. Irú èrò tó ń wá sí mi lórí nìyẹn.

Ní báyìí akọrin ń múra fún ìrìn àjò mímọ́ sí ojúbọ Ìyá Màríà ní Arigbo, Filomẹ́nà sì ń di ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Aklampa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ó ti mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nínú gbogbo ìjọ, ẹ̀yin nìkan lẹ ò bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi alùpùpù yín gbé ẹrù mi ní Sátidé." Mo ní mo ti gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní nọ́ńbà ọkọ rẹ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á kó tó dún. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ta ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ ni àbí ìjọ, àbí kí n wólẹ̀ fún Filomẹ́nà fúnra rẹ̀? Bí mo bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣẹ́ fún mi mọ́ ní gbogbo Ìdáàṣà. Mo mọ̀. Ẹ ṣáà dárí jì mí, kí ẹ sì tètè dá mi lóhùn. Okùn tí n ó fi di ẹrù rẹ̀ ti wà lórí tábìlì níwájú mi.