Ìyá Àgbà Lọ Wá Nọ́jímù Ní Kúbúwà

Àwọn ìyá tó wà nínú oòrùn lọ́hùn-ún, ẹ sún wọlé díẹ̀, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ pa fóònù yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó tẹ́ ilẹ̀ lọ bẹẹrẹ kí ẹ̀dá lè rìn lórí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, tí òun náà fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ìlú onílùú, tó mọ bí àjò ṣe ń rí lára.

Ẹ̀kọ́ tòní, mo fẹ́ sọ ọ́ kí n tó pa ìtàn, kí ẹni tó máa tètè dìde má bàa lọ lọ́wọ́ òfo. Òun nìyí: pípa ọ̀rọ̀ mọ́ yàtọ̀ sí pípa irọ́. Ẹni tó bá sì fi irọ́ já okùn ìbí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá wà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín níbí ló ń to ìwé láti lọ kàwé lókè òkun. Mi ò bá yín jà. Ìmọ̀ ṣeé wá dé ibikíbi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Nọ́jímù ná kí ẹ tó lọ. Mo ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa sọ ọ́ níbi tí mo bá ti rí àwọn ọ̀dọ́.

Ìkìrun ni wọ́n bí Nọ́jímù sí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, bàbá rẹ̀ sì fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó kó lọ. Ìyá ìyá rẹ̀ ló wò ó dàgbà. Àwáwù lorúkọ ìyá náà, Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Àdín ló ń se tà. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ àdín? Kí ẹ̀kùrọ́ máa yan nínú ìkòkò, kí èéfín máa bọ́ sí èèyàn lójú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Inú èéfín yẹn ló ti rán Nọ́jímù nílé ìwé, títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì lórí ìmọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀.

Nọ́jímù wá fẹ́ lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú, ó sọ fún Ìyá Àgbà. Inú ìyá dùn. Ó sọ fún ẹgbẹ́ àsàláátù, ó sọ fún aládùúgbò, ó sọ fún àwọn tó ń ra àdín lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń ṣàdúà. Nígbà tó yá, àwọn tó ń fúnni ní físà ní rárá, ìwé kan kò pé. Ìwé kan ni kò pé o, jàmáà. Ṣùgbọ́n kí ni Nọ́jímù sọ nínú ọkàn rẹ̀? Ó ní, "Ẹnu Ìyá Àgbà ni. Ó ti polongo mi fún ayé, ayé sì ti dí mi lọ́nà."

Ṣé kò sí irú rẹ̀ láàárín wa níbí? Ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, tó wá ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀tá?

Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ní bòókẹ́lẹ́. Físà jáde. Ó di ẹrù rẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó ní, "Ìyá Àgbà, mo ti ríṣẹ́ sí Àbújá. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ni. Kúbúwà ni màá máa gbé, lẹ́bàá mọ́sálásí ńlá."

Ìyá fi oríkì rẹ̀ pè é, ó ní, "Àbújá kò jìnnà. Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ níbẹ̀, Àdìgún. Ìgbà wo lo máa wálé?"

Ó ní, "Kò ní pẹ́."

Ẹ̀yin kan ti ń sọ nínú ọkàn yín pé, "Àlùfáà, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé kí á máa fi nǹkan wa pamọ́ títí yóò fi yọrí?" Òótọ́ ni. Bó bá dákẹ́ sí ará àdúgbò, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Bó bá sọ pé, "Ìyá Àgbà, mo ń lọ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni," ìpamọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí o máa lọ sí ìlú òyìnbó, kí o ní Àbújá lò ń lọ, kí ìyá gbé ọwọ́ lé ọ lórí, kó máa ṣàdúà ọ̀nà Àbújá fún ọ? Kí là ń pe ìyẹn?

Ó dé ibẹ̀. Ìlú òtútù kan ni, lápá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé tó ń gbé ní yàrá mẹ́fà, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, ilé ìdáná kan ṣoṣo. Olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Oúnjẹ tí kálukú bá gbé sínú fíríìjì, yóò kọ orúkọ sí i lára. Ó sọ fún mi pé oṣù méjì kọjá kí òun tó mọ orúkọ ẹni tó wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tòun, ara ìgò wàrà lòun sì ti kà á.

Yorùbá kúkú wà nílùú náà. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe àsàláátù lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ ibo ni ọ́, àbúrò?" Ó ní ọmọ Ìkìrun. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ìkìrun nìyàwó mi. Agboolé wo?" Nọ́jímù rò ó lọ́kàn. Bí ìyàwó yìí bá pe ilé ńkọ́? Ó ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà jáde, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ilé ló ti pa irọ́ náà, irọ́ náà ló tún wá ń lé e kiri lẹ́yìn odi.

Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ ń retí ìpè rẹ̀. Fóònù kékeré alátẹ̀ ló ń lò, kò sì mọ ìwé. Nọ́ńbà yòówù kó wọlé, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejìlá, ọmọ pè é, ìyá ní, "Kí lò ń ṣe?" Ó ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Màgàríbì tán ni." Ìyá ní, "Màgàríbì kẹ̀? Alásárì làwa ṣẹ̀ṣẹ̀ kí níbí." Lọ́hùn-ún, bí òtútù bá ti mú, oòrùn kì í pẹ́ wọ̀. Ó ní, "Àṣìsọ ni, Ìyá Àgbà." Láti ọjọ́ náà, ó dín pípè kù. Ẹnu ara rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Àwẹ̀ dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣínu láàárín ọmọ àti aládùúgbò, tí wọ́n ń gbé ọ̀gì àti àkàrà lé lọ́wọ́, ẹ gbọ́. Ilé ìkàwé ni Nọ́jímù ti ń ṣínu. Omi inú ike àti bisikíìtì ni, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa dún létí àwọn tó ń kàwé. Bó bá ṣàdúà tán, òun náà ni yóò ṣe àmín sí i. Ó ní ohùn òun wá ń ṣe òun bí ohùn àjèjì. Lọ́jọ́ Ìtunnu, ó wọ aṣọ tuntun, ó kírun lẹ́yìn lọ́hùn-ún láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ó padà wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó bọ́ aṣọ náà, ó ká a.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ tó ti lọ, òtútù wọ̀ ọ́ láyà. Ikọ́ dé. Ó pe ìyá, ọ̀rọ̀ ò lè gùn lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá ní, "Ta ló ń bá ọ gbé omi kaná?"

Ó ní, "Àwọn ará ibi iṣẹ́ wà."

"Fún ọ̀kan nínú wọn ní fóònù kó bá mi sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ti jáde, Ìyá Àgbà."

Ìyá ní, "Ó dáa."

Kò dáa lọ́kàn rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí kò kọjá Òṣogbo rí, di oyin àti orógbó sínú àpò. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó wọ ọkọ̀, ó ń lọ wá ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Kúbúwà.

Ọwọ́ Alásárì ló débẹ̀. Wọ́n júwe mọ́sálásí ńlá fún un. Ó jókòó sórí àpò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi gbogbo ẹni tó ń wọlé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ Nọ́jímù? Ọmọ Ìkìrun. Ó ga, ó dúdú, kànga ló ń gbẹ́." Àwọn kan ò gbọ́ Yorùbá. Àwọn tó gbọ́ ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n kírun tán, wọ́n ń jáde, ó tún ń bi wọ́n. Obìnrin kan tó ń ta bàtà níbẹ̀, ọmọ Ìwó, Sùwébátù lorúkọ rẹ̀, ló fà á lọ́wọ́ wá jókòó nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ó gba fóònù ìyá, ó wo nọ́ńbà tó pe ìyá gbẹ̀yìn, ó sì rí i pé kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí. Ó tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù tirẹ̀, ó gbé e fún ìyá.

"Àdìgún, mo ti dé Kúbúwà. Mo wà lẹ́bàá mọ́sálásí tí o sọ. Jáde wá mú mi."

Ẹ wá wo ohun tí irọ́ ń fi èèyàn ṣe tó bá ti mọ́ ọn lára. Nọ́jímù ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀ kẹ́ ẹ tó máa bọ̀. Wọ́n ti gbé wa lọ sí Kánò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Ìyá ní, "Kánò. Mo gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí díẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá bá mi rí ọkọ̀ lọ́la, màá bá ọ níbẹ̀. Oyin rẹ wà lọ́wọ́ mi."

Ibẹ̀ ni irọ́ ti tán lẹ́nu Nọ́jímù. Ó rí i pé ibikíbi tí òun bá dárúkọ ni ìyá yìí yóò máa lọ. Bó bá ní Màídúgùrì, yóò lọ. Ló bá bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹ má lọ Kánò, Ìyá Àgbà. Mi ò sí ní Kánò. Mi ò gbé Kúbúwà rí. Ìlú òyìnbó ni mo wà láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Mo purọ́ fún yín."

Nọ́jímù ń gbọ́ ìró ọkọ̀ àti ohùn àwọn tó ń nájà bàtà, ó rò pé ìyá ti gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí ìyá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè.

"Oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn gbogbo ìrun ni mò ń bẹ Ọlọ́hun pé kó ṣọ́ ọmọ mi tó wà ní Àbújá. Àdìgún, ta ló wá ń ṣàdúà fún ẹni tó wà níbi tí o wà?"

Ó dá fóònù padà fún Sùwébátù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ọlọ́hun mọ ibi tó wà, àdúà ìyá kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n Nọ́jímù sọ fún mi pé nínú gbogbo òtútù tí òun rí lọ́hùn-ún, kò sí èyí tó wọ òun léegun tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Sùwébátù ní, "Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Wọn ò sunkún, ìbá sàn kí wọ́n sunkún. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa sùn, màá mú wọn wọkọ̀ lọ́la. Ìwọ, lọ wá ẹni tó máa tọ́jú ẹ."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tòun ti ikọ́, Nọ́jímù padà sí àsàláátù. Ó wá ọkùnrin ọjọ́sí rí, ó sọ orúkọ agboolé rẹ̀ fún un. Wọ́n mú un lọ sílé, wọ́n se ọbẹ̀ ata gbígbóná fún un, wọ́n mú un lọ rí dókítà. Ara rẹ̀ yá, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń pe Ìyá Àgbà báyìí. Ìyá ń dáhùn, ó ń ṣàdúà fún un. Ṣùgbọ́n kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Kò bi í pé kí lò ń ṣe, kò bi í pé ìgbà wo lo máa wálé. Bí ọmọ bá ti sọ ọ́ ni ìyá ń gbà á.

Lọ́dún kejì, ó wálé. Ó bá Ìyá Àgbà lórí ìrun Àílà, lórí àga. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ìyá fi kírun tán.

"Ìyá Àgbà, láti ìgbà wo lẹ ti ń jókòó kírun?"

"Láti Kúbúwà. Ọkọ̀ náà há, ọ̀nà jìn. Orúnkún ò tẹ̀ mọ́."

"Ẹ ò sọ fún mi."

Ìyá ní, "O ò bi mí. Mi ò sì fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú lọ́hùn-ún."

Nọ́jímù jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àga náà, ó di ẹsẹ̀ ìyá mú. Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí. Títí di òní, orúnkún yẹn ò tẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́, kí ọmọ lè rí yín bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìyá tó dárí jì ọ́ lè máà lè forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun mọ́ nítorí rẹ. Ẹni tó bá ti purọ́ ibi tó ń lọ fún àwọn ará ilé rẹ̀, kó pè wọ́n lónìí, kó tó di pé wọ́n wá a lọ.

Ọlọ́hun, ìwọ lo ń ṣí ọ̀nà. Fi àwọn ọmọ wa tó ń lọ mọ̀nà, má jẹ̀ẹ́ kí ìbẹ̀rù ẹ̀dá sọ wọ́n di òpùrọ́. Èyí tó dá wà nínú yàrá nílùú onílùú, bá wa fi ẹni rere kàn án. Ìyá tó ń retí ìpè, bá wa tù ú lára, kí o sì fi òótọ́ sí ẹnu ẹni tó máa pè é. Ààmín.