Ọdún Kìn-ín-ní Lọ́dọ̀ Ọ̀gá

Ọ̀gá kan tó ń wáyà ilé àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ló jókòó tì mí níbi tí mo ti lọ ṣe fọ́tòkópì ní Ajah.

"O ti gba fíríìdọ̀mù," ni ọ̀gá wí. "Èmi ni mo buwọ́ lu sátífíkéètì ẹ. Kí ni wọ́n tún ń wá?"

"Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ẹ kọ́ mi lọ́dọọdún, sà, kí wọ́n lè fi wé ti àwọn ọmọ tiwọn. Ọdún mẹ́ta àbọ̀ làwọn yẹn fi ń kọ́ṣẹ́ iná."

"Ọdún mẹ́rin lo lò lọ́dọ̀ mi. Tiwa ju tiwọn lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti kọ ti ọdún kejì dé ìkẹrin sínú fọ́ọ̀mù wọn. Ti ọdún kìn-ín-ní ni mi ò mọ ohun tí màá kọ."

"Kí lo ṣe lọ́dún náà?"

"Mo ń fọ mọ́tò yín, sà. Mo sì ń mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé."

Ọ̀gá wo fọ́ọ̀mù náà títí. Wọ́n ti fún mi ní fọ́tòkópì tèmi, mi ò sì lè dìde.

"Kọ ọdún mẹ́ta," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ọdún kan yẹn, ilé mi lo sìn. N ò kọ́ ẹ níṣẹ́ kankan."

"Mẹ́ta ò tó mẹ́ta àbọ̀, sà."

"Mo mọ̀. Mo níṣẹ́ kan ní Eleko tó máa gbà wá tó oṣù mẹ́fà. Wá bá mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́tò, èmi á máa fọ̀ ọ́ fúnra mi."