Èmi Ni Mo Sọ Pé Kò Sí Ènìyàn Níbẹ̀

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi, mo sì ń dúró dè é. Lọ́yà mi ní kí n má kọ ohunkóhun. Ó ní ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wa ti ń lọ, kò sí ẹ̀rí kankan pé mo fọwọ́ kan ẹni tó kú, kí n ṣáà panu mọ́. Mo ti panu mọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí kò sí nínú ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni jẹ́ nílé ẹjọ́, mi ò sì kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè káàánú mi.

Mo máa ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Èbúté Ìkòròdú. Àdúgbò wa wà létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ipakodo. Ibẹ̀ ni bàbá mi kọ́lé sí, ibẹ̀ náà ni mo gbéyàwó sí. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan gbé ẹ̀rọ dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa yanrìn nínú ọ̀sà láìdáwọ́ dúró. Kí ọdún tó yípo, etí omi ti ń ya lulẹ̀. Ògiri yàrá ìyá mi là láti òkè délẹ̀, débi pé ènìyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ilé méjì wó sómi. A kọ lẹ́tà sí ìjọba, a kọ sí àwọn tó ni ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Ẹjọ́ tí a ń rò yẹn kì í ṣe irọ́. Bí wọ́n bá tú mi sílẹ̀ lónìí tí wọ́n ṣì ń fa yanrìn níbẹ̀, màá tún lọ dúró níwájú wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ tàn mí kéré. Àtẹ́wọ́ ni. Ní ìpàdé àdúgbò, mo dìde, mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́tà ti tó, ká lọ dí ọ̀nà mọ́ àwọn típà tó ń kó yanrìn wọn. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, mo délé, mi ò lè jókòó. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní kò sí nǹkan kan.

A dí ọ̀nà lóòótọ́. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ típà kan, mo sì dì í mọ́wọ́ títí wọ́n fi kírun ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin náà tó bí mi, síbẹ̀ ó ń pè mí ní ọ̀gá, ó ń bẹ̀ mí. Ọlọ́pàá dé, àwọn náà bẹ̀ wá, wọ́n lọ. Wọn ò mú ẹnì kankan. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà lọ́kàn ara mi pé nígbà tí èrò bá ti pọ̀ tó yìí lẹ́yìn mi, òfin ò lè rí mi.

Ìgbà kejì tí a jáde, a ju igba lọ, inú ọgbà wọn gan-an la wọ̀. Tíṣà Káyọ̀dé wà níbẹ̀. Ọ̀wọ́ ilé kan náà la jọ ń gbé. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń kọ́ni, ó sì gbé páálí kan dání tó kọ ọ̀rọ̀ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ sá nígbà tí wọ́n rí wa. Ẹnì kan ni kò sá, Múfútàù, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń kọ nọ́ńbà àwọn típà sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ó máa ń kí mi ní èbúté. Mo rí i tó kó sínú kọ̀nténà tí wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì, tó sì fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Mo yípo lọ síbẹ̀. Omi ni ilẹ̀kùn náà kọjú sí, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Àgádágodo wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Mo tì í, mo sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

Mo rò pé bí ẹnì kan nínú wọn bá wà lọ́wọ́ wa, ọ̀gá wọn yóò wá dá wa lóhùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá kéde rẹ̀ nígbà tó bá yá, kí wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. Ó ní ìpéjọ wa kò bófin mu mọ́, ó fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a túká. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Tíṣà fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Jẹ́ ká máa lọ," ó ní. "A ti sọ tẹnu wa, wọ́n sì ti gbọ́."

"Ẹ máa lọ, Tíṣà. Èmi ò lọ."

Òun náà kò lọ. Nítorí mi ló ṣe dúró.

Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, wọ́n yin tajútajú. Ojú ń ta wá, inú ń bí wa, òkò bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àwọn kan gbé kéègì bẹntiróòlù dé, wọ́n ń dà á sára àwọn páìpù tí wọ́n fi ń fa yanrìn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀nténà náà. Tíṣà sáré bọ́ síwájú wọn, ó na apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ dúró ná. Ṣé kò sí ènìyàn nínú ilé yìí?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi, torí wọ́n ti rí mi tí mo ti ẹ̀yìn ibẹ̀ jáde. Bí mo bá ní ènìyàn wà níbẹ̀, wọ́n á bi mí pé ta ló tì í mọ́lé.

"Kò sí," mo dáhùn. "Gbogbo wọn ti sá."

Tíṣà bá yà fún wọn, wọ́n sì ṣáná sí i.

Páìpù nìkan ni mo rò pé yóò jó. Ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù epo wà lẹ́yìn ibẹ̀, ó bú gbàù, iná sì ran kọ̀nténà. A gbọ́ tí ẹnì kan ń lu ilẹ̀kùn láti inú. Láti ibi tí mo dúró sí, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo lè sọ fún yín pé iná ti le jù. Irọ́ ni. Ó ṣì ṣeé sún mọ́. Èmi tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, mo sá lọ. Tíṣà ló sáré síbẹ̀, tó fi ọwọ́ lásán di irin gbígbóná náà mú, tó ń fà á títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi bó. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti mú un.

Ọkọ̀ ojú omi ló gbé mi dé Ẹ̀pẹ́, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń yan ẹja ní Ọjà Olúwo. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti ọjà dé, kò tilẹ̀ tíì sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ọmọkùnrin ìyá tó ń jókòó tì mí lọ́jà ni wọ́n sun ní Ìkòròdú. Wọ́n tì í mọ́lé ni. Irú ènìyàn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ẹ̀bà ni mò ń jẹ lọ́wọ́, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọlọ́pàá wá mú mi níbẹ̀, torí àwòrán mi wà nínú fóònù ẹnì kan tó ya èrò náà.

Àwa márùn-ún la dúró níwájú adájọ́. Ó ní kò pọn dandan kó jẹ́ gbogbo wa la ṣáná. Ó ní ẹni tó bá dúró nínú ìpéjọ tí wọ́n ti ní kó túká, tó sì bá wọn lọ́wọ́ nínú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde wà lọ́rùn òun náà. Mo bínú sí òfin yẹn nígbà náà, mo sì ń bínú sí i dòní, torí àwọn tó kàn dúró wà nínú wa. Agbẹjọ́rò ìjọba ní kí Tíṣà gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé ẹjọ́ rí àpá iná náà. Ó ní ọwọ́ ẹni tó ṣáná nìyẹn.

Tíṣà ní òun béèrè bóyá ènìyàn wà nínú ilé, ẹnì kan sì ní kò sí. Wọ́n bi í pé ta ni. Ó wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ariwo pọ̀," ó ní. "Mi ò mọ ohùn ta ni."

Ṣé ó mọ̀? Mi ò tíì bi í léèrè rí, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa níbí, níbi tí àwa méjèèjì ti ń dúró de ikú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ìyàwó òun, torí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di kálàmù mú mọ́. Ó ń sọ, mò ń kọ. Ó ní, "Sọ fún àwọn ọmọ pé mi ò mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀." Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́. Nígbà tí mo parí, mo bẹ wọ́dà pé kó fún mi ní ìwé sí i.

Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yìí méjì ni mo kọ, ọ̀kan lẹ ń kà yìí. Èkejì ti lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, mo tẹ̀ka sí i. Lọ́yà mi ní mo ti fọwọ́ ara mi so okùn mọ́ ara mi lọ́rùn. Mo ní kó lọ gba ẹjọ́ Tíṣà rò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àwọn kan ń retí pé kí n sọ fún yín pé kí ẹ jókòó sílé. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń fa ilẹ̀ yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ jáde, ẹ sọ ọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ túká, ẹ túká, ẹ ó tún padà wá lọ́la. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni dógò. Ẹ sì má ṣe jẹ́ kí àtẹ́wọ́ èrò máa darí yín. Bí ẹnì kan nínú yín bá mọ ohun tí àwọn yòókù ò mọ̀, nígbà tí wọ́n bá béèrè, kó sọ ọ́ síta, ìbáà jẹ́ òun ni gbogbo wọn máa yíjú sí.