Ìlà Tí Ẹ Gé Kúrò Nísàlẹ̀

Bọ̀dá mi, ẹ gbé àlùmọ́gàjí yẹn sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi. Màmá ò tíì lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lójúlé kejì sí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò tán ni, ó ní bí wọn ò bá gbé òògùn yẹn mì kí ilẹ̀ òní tó ṣú, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́. Òní ni mo wí o. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá kó fọ́tò ìgbéyàwó yìí fún oníbàárà yín tán. Òní.

Ṣé ẹ rò pé mi ò bẹ̀ wọ́n ni? Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé omi, mo gbé òògùn, wọ́n pa ẹnu dé bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní òyì ń kọ́ àwọn lóòótọ́, àmọ́ omi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn, pé dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òyì á kọ́kọ́ máa kọ́ èèyàn. Dókítà wo? Bọ̀dá, mo ní dókítà wo? Èmi ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́, lórí kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà rẹ̀ ti ń pa rẹ́, nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa, fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé eruku ara kọ̀ǹpútà ni mo ń nù jẹun. Kò burú. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni wọ́n torí ẹ̀ gbà mí síbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó fi ìwé kọ́ mi ní èyí tí mò ń ṣe báyìí. Ìgbà tí mo rí i pé ohunkóhun tí fóònù bá ti gbé jáde làwọn ọmọ yẹn ń dà sínú iṣẹ́ àṣetiléwá wọn bó ṣe wà, ni mo bá lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, mo ní ẹ jẹ́ n máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan àti bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló kọ ọ́? Ìgbà wo ló kọ ọ́? Ta ni ẹlòmíì tó sọ bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe pé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ló ti dà á kọ? Kí ló fẹ́ kí n ṣe tí mo bá kà á tán? Kí wọ́n sì fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ohun tí mò ń kọ́ wọn ò ju ìyẹn lọ.

Ẹ ní kí ló dé tí mo fi wá kọ irọ́. Bọ̀dá, ṣé orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní odò wíwẹ̀? Mo fẹ́ kí wọ́n rí irọ́ tó jọ òótọ́. Bí mo bá kọ ọ́ pé ewúrẹ́ fò, ta ló máa yẹ ìyẹn wò? Irú èyí tó ń wọ orí fóònù wọn lójoojúmọ́ ni mo ṣe. Mo ní omi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ, kí èèyàn da òògùn ẹ̀ nù, kó má bi ẹnikẹ́ni. Torí ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n ti mú un, pé ẹni tó bá ní kí o má bi ẹnikẹ́ni, òun ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Mo wọ bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa lẹ́wù funfun tíṣà sáyẹ́ǹsì, mo ya fọ́tò wọn, mo kọ Dókítà Àgbà sábẹ́ rẹ̀, mo sì gbé gbogbo ẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ọmọ sì mú un. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́-n-rí-i, torí kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní ní kí ẹ jẹ́ kóun rí i. Òun ló fa fọ́tò yẹn fẹ̀, ó ní, “Àǹtí, dókítà yìí mà ń gba aláìsàn lẹ́bàá táńkì omi wa.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ilé ìwòsàn tí mo dárúkọ, wọn ò rí i. Wọ́n wá ẹlòmíì tó sọ̀rọ̀ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn ò rí. Nígbà tí wọ́n fà á délẹ̀, wọ́n bá ìlà tí mo fi lẹ́tà pupa kọ síbẹ̀ pé irọ́ ni gbogbo èyí, ẹ̀kọ́ ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Inú mi dùn débi pé mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ṣé ẹ rántí? Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.” Ẹ tiẹ̀ fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn.

Ẹ ò kà á tán. Ẹ kà á dé ibi ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn yín sì lọ sọ́dọ̀ Màmá, lẹ bá fi ránṣẹ́ sí wọn àti sáwọn ẹlòmíì. Mo mọ̀. Mi ò sọ pé ẹ níkà nínú. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi gé e?

Ẹ má sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Mo bá àwọn ọmọ yẹn jókòó, a kó gbogbo ẹ̀dà tó ń lọ káàkiri jọ, kò sí ọ̀kan tí ìlà pupa wà lára ẹ̀. Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀? Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín àti nọ́ńbà fóònù yín, àmì tí ẹ máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo fọ́tò tó bá ti ọwọ́ yín jáde. Bí ẹ ṣe ń gé gbogbo ìdílé wa lẹ́sẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí ẹ ti ra kámẹ́rà. Kò sí fọ́tò kan nílé wa tí èèyàn fi ẹsẹ̀ dúró. Ẹ ní ìsàlẹ̀ kì í jẹ́ kí fọ́tò jókòó dáadáa nínú férémù. Bọ̀dá mi, ìsàlẹ̀ yẹn ni òótọ́ wà.

Fóònù yín ló tún ń dún yẹn. Ẹ gbé e kí n gbọ́. Ẹ ò lè gbé e. Ẹ mọ̀ pé dókítà ni wọ́n ń wá. Ní géètì ilé ìwé wa, àwọn aláìsàn ti tò. Bàbá náà ní aṣọ́géètì lòun, wọ́n ní ẹ ò rí i bó ṣe rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀, dókítà gidi ni. Lánàá mo gbọ́ tí bàbá ń bi obìnrin kan bóyá ó ń sùn dáadáa.

Mo yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àwọn tó ń ta òògùn ti pa wá lẹ́nu mọ́. Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù àwọn òbí pé èmi ni mo ṣe é, ìyá ọmọ kan ní kí n lọ máa nu kọ̀ǹpútà mi. Àwọn ọmọ tó mọ̀ pé irọ́ ni ń délé, wọ́n ń sọ ọ́, àwọn òbí wọn ń bi wọ́n pé ṣé ọmọdé ló fẹ́ kọ́ dókítà níṣẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé ti ti yàrá kọ̀ǹpútà pa, kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì wọn. Ìyẹn, mo lè fara dà á. Bí nǹkan bá ṣe Màmá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ni. Ibo ni mo fẹ́ gbé orí mi gbà?

Mo gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ bá Màmá, ìlà pupa wà níbẹ̀ gbàgàdà. Wọ́n ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Ìwọ, ìwé mélòó lo kà? Ta ló fi èyí ránṣẹ́ sí mi? Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́? Ìgbà wo ló parọ́ fún mi rí?” Bọ̀dá, gbogbo ìbéèrè tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, Màmá bi mí, ẹ̀yin sì ni ìdáhùn sí gbogbo ẹ̀.

Kí lẹ wí? Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wọn? Wọn ò ní kà á tán, àbí ọ̀dọ̀ ta lẹ rò pé ẹ̀yin náà ti kọ́ ọ? Ohùn yín ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ojú oníbàárà ń tì yín? Màmá ìyàwó, ẹ má bínú, ẹ rọra jókòó, ọ̀rọ̀ ìyá wa ni, fọ́tò yín ò ní sá lọ. Ẹ tiẹ̀ ní kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ ìyàwó.

Bọ̀dá, ẹ gbà. Mo ti pe nọ́ńbà Màmá. Ẹ ò ní láti ṣàlàyé púpọ̀, ẹ ṣáà sọ pé ẹ̀yin lẹ gé e, pé ẹ ò kà á dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n gbé òògùn mì. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òògùn wà nínú àwo kékeré, omi wà nínú ife, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Màmá ti gbé fóònù. Wọ́n ń bèèrè bóyá ẹ̀yin ni.