Ohùn Tó Wà Nínú Páìpù Omi Gbígbóná

Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìyá tó bí mi ń wò mí bí apànìyàn nínú ilé wa ní Festac yìí, bẹ́ẹ̀ omi tó dáa ni mo fẹ́ kí wọ́n máa mu!

Páìpù omi ni mò ń tà ní ọjà Trade Fair. Lẹ́yìn tí Bàbá mi kú, mo rìnrìn àjò, àbúrò mi ọkùnrin sì so hítà sí kíṣìnnì, kí Màmá lè máa rí omi gbígbóná mu. Ó ṣeun, àmọ́ kò bi mí. Páìpù funfun, ti omi tútù, ló tẹ́ sínú ògiri. Nígbà tí mo dé, bí a bá ti ṣí omi gbígbóná, ògiri á húkọ́, á wá mí kanlẹ̀, gẹ́lẹ́ bí Bàbá ti í ṣe kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ara mi bù máṣọ. Màmá ní tiwọn ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá yín ti wálé," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé àga ti ògiri, wọ́n ń ròyìn ìjọ fún Bàbá.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Omi gbígbóná ń mú páìpù oníke yẹn rọ̀, ó ń nà, ó ń ha ògiri. Omi náà ti ń rùn bí ike tó gbóná. Ṣé èmi tí mò ń ta páìpù ni kí n dákẹ́? Mo gbé páìpù tó lè gba omi gbígbóná wálé, mo sì pe púlọ́ńbà láti Alákijà.

Màmá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà. A ti pa hítà láti àná, a ti fa omi tán. Púlọ́ńbà jáde lọ mú ayùn rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ògiri: ó tutù. Ògiri húkọ́. Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Púlọ́ńbà wọlé. "Àǹtí, ṣé kí n gé e?"

"Gé e," ni mo wí.

Páìpù tó yọ ti wọ́ bí ẹ̀yìn arúgbó. Nígbà tí Màmá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi aṣọ Bàbá wé e, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọn kì í mu omi ilé mọ́. "O kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀," ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ gbà mí o. Ṣé kí n sọ fún wọn pé èmi náà gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà? Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò bá mi gbé ohun tí mo ṣe?